Ọjọ́ tí Mo Di Alága

Ní Iléṣà, àwọn tí a jọ lọ sílé-ìwé kì í pe orúkọ mi. Alága ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé mo ti ṣe alága káńsù rí, tàbí ó kéré tán, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá bá mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn pé kí n bá òun wá iṣẹ́ sí sẹkitéríàtì. N ò ṣe alága nǹkan kan rí láyé mi. Àga ni mo gbé.

Ọdún 1989 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1. Nílé-ìwé wa nígbà náà, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, owó ìtanràn ni. Fanákúlà ni a ń pe ẹ̀ṣẹ̀ náà, mọ́nítọ̀ sì ní ìwé pélébé kan tó ń kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sí bí ẹni pé Ọlọ́run ló rán an. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan tẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo ké, "Yéè! Ìyá mi ò!" Mọ́nítọ̀ ti tẹ bírò mọ́wèé. Mo bá a jiyàn pé ẹkún ni, kì í ṣe Yorùbá. Ó ní Yorùbá ni, pé ẹni tó bá fẹ́ ké lédè Gẹ̀ẹ́sì, "ouch" ló yẹ kó wí. Ta ló ń rántí gírámà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀? Báyìí ni kọ́bọ̀ 20 tí ìyá mi ní kí n fi ra mọ́ínmọ́ín ṣe lọ.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Àǹtí Kọ́pà ló wọlé. Àgùnbánirọ̀ ni, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ìyẹn náà, ọ̀sán ló máa ń fi í kí wa. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Cheer up!"

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi. Lẹ́nu àwa ọmọ Iléṣà nígbà yẹn, àti lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa títí dòní, "cheer" àti "chair", ohùn kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbé àga lórí jẹ́ ìyà tí a mọ̀ bí ẹni mowó. Tíṣà ìṣirò wa kò tilẹ̀ ní ìyà mìíràn. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ̀bi fanákúlà ni. Kí ló kù? Mo dìde, mo gbá àga mi mú, mo gbé e lórí.

Àǹtí Kọ́pà ya ẹnu. Ó ní, "No, no! Cheer up!" Mo ní háà, kò tíì ga tó. Mo na apá mi méjèèjì, mo gbé àga náà ròkè títí apá mi fi ń gbọ̀n. Iṣẹ́ káfíńtà Iléṣà ni àga ọ̀hún o, igi tòótọ́, kì í ṣe rọ́bà ìsinsìnyí. Gbogbo kíláàsì ti wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọ tí a jọ jókòó ló ṣe ògbufọ̀ fún obìnrin náà: "Ma, he is chairing up, ma." Kí agogo tó lù, mo ti di Alága.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí dikíṣọ́nárì ẹ̀gbọ́n mi. "Cheer" wà níbẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ inú dídùn ni. Èyí tí kò yé mi ni "up". Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé kí ni "up" ń ṣe níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Òkè ni. Ìyẹn ni pé kí inú rẹ dùn sókè." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà tó jẹ́ pé n kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún bí ọdún kan.

Nígbà tí ìdánwò WAEC sún mọ́lé, wọ́n kó phrasal verb, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ kékeré bí "up" ń tẹ̀ lé, fún wa bí ẹni kó ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lókùn: give up, make up, put up with, look down on. A há wọn sórí bí katikísímù. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé nǹkan kan so wọ́n pọ̀, tàbí pé "up" inú "eat up" kò gòkè lọ síbì kankan, pé iṣẹ́ tí "tán" ń ṣe fún wa nínú "jẹ ẹ́ tán" ló ń ṣe fún wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "up" ti inú "cheer up" gòkè lóòótọ́. Òyìnbó gbà pé òkè ni ayọ̀ ń gbé. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ wà nísàlẹ̀, "down" ni wọ́n ń pè é, tàbí "low". Ẹ̀mí ẹni tó ń yọ̀, "high" ni. Wọ́n á wá nawọ́ fa ẹni tó wà nísàlẹ̀ gòkè.

Ẹ wá wo tiwa. Bí ara bá rọ Yorùbá, kí ni yóò wí? Ọkàn mi balẹ̀. Ara mi balẹ̀. Ilẹ̀ ni ohun rere ti ń bá wa. Ẹni tó gbé ọkàn sókè, onítọ̀hún wà nínú ìdààmú ni, ó ń retí èsì ìdánwò tàbí ó ń retí ọmọ tí kò tíì wọlé lálẹ́. Bí o bá rọ́nà gbé inú ìyá àgbà kan sókè ní Òkèṣà, ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbé e lọ. Lóòótọ́, Òyìnbó náà ní "calm down", ọkàn tiwọn náà máa ń balẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sínú "ọkàn mi balẹ̀", kò lè tètè yé e pé òkè ni kó máa wá ìtura lọ. Àìmọ̀wé kọ́ ni mo fi gbé àga.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Iléṣà sí Ifẹ̀ kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ní Modákẹ́kẹ́, nílé-ìwé St. Stephen's, lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró láàyè tirẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo dé JSS 2, Fáfúnwá yìí kan náà ti di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. A há orúkọ rẹ̀ sórí fún ìdánwò, a sì ń san kọ́bọ̀ 20 lọ.

Ifẹ̀ náà ni mo padà lọ kàwé, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì ń lé wa wá sílé bí ẹni lé ẹyẹ oko. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀bà wà níwájú wa, mò ń ráhùn pé olùkọ́ kan fi bírò pupa fa "cheer up her" tí mo kọ ya. "Cheer her up" ló ní kí n kọ. Mo ní irú èdè wo ni wọ́n ń la ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sí méjì, tí wọ́n á wá ki ènìyàn sáàárín?

Ọ̀rẹ́ mi fi òkèlè sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Tó o bá fẹ́ lo bàjẹ́, ṣé 'ó bàjẹ́ aṣọ' lo máa ń sọ?"

Mo dákẹ́. Ó ba aṣọ jẹ́. Ó bà á jẹ́.

"Gbàgbọ́ ńkọ́?"

Mo gbà ọ́ gbọ́.

"Tàn jẹ?"

Wọ́n tàn mí jẹ. Ó ní kí n dákẹ́ ariwo, kí n jẹun, pé ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni wọ́n ń pe ìyẹn ní kíláàsì tàwọn, pé kò sì sí ẹni tó lè mú "ba" lọ́tọ̀ àti "jẹ́" lọ́tọ̀ kó rí ìtumọ̀ bàjẹ́ nínú wọn. Ó tún fi kún un pé ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ "cheer up" jù lọ lédè wa, ẹlẹ́là ni òun náà: tù nínú. Tù mí nínú. Tu ìyá rẹ nínú. Ìyàtọ̀ kan péré ni pé Òyìnbó lè fi ìyá sẹ́yìn, kó ní "cheer up your mother", tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àárín ni ìyá gbọ́dọ̀ wà. Láti ọmọ ọdún méjì ni mo ti ń la ọ̀rọ̀ sí méjì tí mo sì ń ki ènìyàn sáàárín. Wọ́n kàn gba kọ́bọ̀ 20 lọ́wọ́ mi kí n má baà mọ̀ ni.

Ìyẹn kò tíì tó nǹkan. Nínú dikíṣọ́nárì ńlá kan ní Hezekiah Oluwasanmi Library, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì, mo lọ wo ibi tí "cheer" ti wá. Ẹnu Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, chiere ni wọ́n ń pè é, ó sì ti ẹnu àwọn tó ń sọ Látìn wá, cara. Ará Sípéènì ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìtumọ̀ rẹ̀: ojú. Ojú tó wà lórí ènìyàn yìí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà á, ojú náà ni wọ́n ń fi í pè, lẹ́yìn náà ó di bí inú ṣe rí tó fi hàn lójú, ìbáà dára ìbáà burú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ayọ̀ nìkan tó gba gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ àsè náà di "good cheer", ìhó ayọ̀ di "cheer", àwọn tó ń mutí di "Cheers!" mú. Ní Iléṣà tí wọ́n ti ń pọn Trophy láti 1978, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ "Cheers!" kó tó mọ ẹni tó bí i.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń pe ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ahọ́n: tújúká. Tú ojú ká. Bí ẹni tú ẹrù tí wọ́n dì gírígírí. Òyìnbó ti gbàgbé pé ojú wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n ti sìnkú rẹ̀ sínú dikíṣọ́nárì; tiwa ṣì wà lóde gbangba, ọmọ ọdún mẹ́ta lè tọ́ka sí i. Ohun tí Àǹtí Kọ́pà sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an nìyẹn. Ojú mi ló rí. Ojú mi ló ní kí n tú ká. Ká ní wọ́n gbà wá láyè, ọmọ kan ìbá ti sọ fún mi lábẹ́ tábìlì, "Ó ní kó o tújúká," mi ò bá sì ti rẹ́rìn-ín.

Ìdílé wa mọ iye tí ojú ń tà. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀: aṣọ ni wọ́n ń kiri tà láwìn, abúlé dé abúlé, dé ilẹ̀ Èkìtì, dé Ìgbómìnà, títí dé Kàbà. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn yóò fi gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa pé ojú méjì ni ọkọ òun kó dání lọ sóko òwò: ojú títà àti ojú gbígbà. Lọ́jọ́ títà, eyín rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síta, á yìn ọ́, á yin ìyàwó rẹ, á ní aṣọ yìí ló ń retí ìwọ láti Iléṣà. Lọ́jọ́ gbígbà, kò ní í bú ọ. Kò ní í gbé ọwọ́ sókè. Á kàn lóṣòó, á di ojú rẹ̀ bí ẹni di ẹrù, á máa wò ọ́ bó o ṣe ń jẹun. Oúnjẹ náà kò ní í lọ lọ́fun. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní Ìgbómìnà ta ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí bàbá lè gbé ojú yẹn kúrò lágbàlá òun. Bí owó bá ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, kíá, ojú á tú ká, á ní, "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Nítorí náà a kì í tètè gba ojú gbọ́ nílé wa. Bóyá ìdí nìyí tí Yorùbá fi pín iṣẹ́ náà sí méjì. Tújúká ni ti ojú. Ènìyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe é, kódà bí inú kò bá dùn. Tù nínú ni ti inú, ẹlòmíràn ni yóò bá ọ ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì fi "cheer up" kan ṣoṣo ṣe méjèèjì: sọ ọ́ fún ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, o ti gbé iṣẹ́ náà lé e lórí, àga lórí ẹlẹ́bi. Ki ènìyàn sáàárín rẹ̀, iṣẹ́ di tìrẹ.

Bàbá mi kú lọ́dún 2023. Ilé kún. Gbogbo ẹni tó wọlé ń kí ìyá mi, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," wọ́n ń ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi: "Tell Big Mummy to cheer up." Ìyá mi ní kí ni Délé wí. Mo wo fóònù, mo wo ojú wọn. Ṣé kí n sọ fún obìnrin tí ilẹ̀ sàréè ọkọ rẹ̀ kò tíì gbẹ pé kó tújúká? Mo ní, "Ó ní kí Ọlọ́run tù yín nínú, Màmá." Wọ́n ní àmín. Kí n má pa irọ́ mọ́ Òyìnbó, àwọn gan-an kì í sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tiwa ló kúrò nílé ní kékeré, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ìkíni rẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò lọ. Àga rọ́bà kan ṣẹ́ kù sẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ń jókòó sórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n ń wo títì. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn ń wo títì ni. Àbúrò mi obìnrin ń gúnyán wá láti Ìjọ̀kà lọ́jọọjọ́ Sátidé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́ nígbà tó bá rí i. Ìjẹ̀ṣà tí iyán kò bá tù nínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní kékeré. Wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ó dùn. Ẹ ṣé." Pásítọ̀ wá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wá. Èmi náà ń ti Èkó wálé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n gbé àga kejì jókòó tì wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ ilé-ìwé mi ni. Fóònù náà ti ń ṣe ségesège nígbà yẹn, àfi kí n tan ohùn rẹ̀ sókè kí n tó lè gbọ́. Ohùn rẹ̀ gba àgbàlá kan: "Alága! Alága wa!" A sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo pa á.

Ìyá mi kò yíjú. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò tíì yan ẹlòmíràn látìgbà yẹn ni?"

Mo ní, "Sí ibo, Màmá?"

"Sí ipò yẹn. Látìgbà tó o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìyá mi gbà pé wọ́n dìbò yan òun lọ́mọ. Mo sọ fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀, mo sọ ti mọ́nítọ̀, ti mọ́ínmọ́ín tí n kò jẹ, ti Àǹtí Kọ́pà. Nígbà tí mo dé ibi "No, no!", mo dìde, mo fi àga tí mo jókòó lé ṣe àpèjúwe.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní, "Gbogbo Ọjà Àtákúnmọ́sà ni mo sọ fún. Ìsọ̀ dé ìsọ̀. Mo ní ọmọ mi ni alága."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá."

"Bàbá rẹ mọ̀?"

Mo ní wọ́n mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n gbọ́ tí ọmọ kan ń pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n bi mí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n wá ní kí n má sọ fún ìyá mi, pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀.

"Ó mọ̀!" Ìyá mi gbé ọwọ́ lé orí. "Ọkùnrin yìí mọ̀! Bí mo bá ti ní Alága ti dé, á ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ fún Alága lómi.' Á ní, 'Ẹ má jẹ́ kí ebi pa Alága.' Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ ni!"

Ẹ̀rín bú sí wọn lára. Ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé wọ́n ní, tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀, tó ń mi àga rọ́bà. Wọ́n na ọwọ́ sí yàrá tí bàbá mi máa ń sùn sí bí ẹni ń fẹ́ bá a jà, wọ́n ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí!" Omijé bọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún, ẹ̀rín tún gbé wọn, omijé tún bọ́, n kò mọ èyí tó ṣáájú èyí mọ́. Aládùúgbò yọjú láti ojú wíńdò rẹ̀ pé ṣé kò sí. A ní kò sí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mí kanlẹ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú lápá Òkè-Ọmirù, atẹ́gùn ti ń ká iyẹ̀pẹ̀ lójú títì. Wọ́n dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n wo àga méjèèjì, wọ́n wò mí.

"Alága," wọ́n ní, "gbé àga wọlé. Òjò ti ń bọ̀."